Ọnọ́rébù ń Bọ̀ Wá Dín Àkàrà

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ẹ gbálẹ̀, ẹ tẹ́ní: Ọnọ́rébù ń bọ̀ wá dín àkàrà. Ẹ má bi mí pé Ọnọ́rébù wo. Èyí tí ẹ bá rí nínú agbádá funfun, tó lóṣòó ti epo gbígbóná, òun gan-an ni mò ń wí. Yóò gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá alákàrà, yóò da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo, àkàrà yóò sì fọ́n ká bí ẹgbẹ́ alátakò. Ayàwòrán yóò ní kó tún un ṣe, torí pé ojú rẹ̀ kò kọ síbi tí kámẹ́rà wà. Yóò fún màmá lówó, yóò juwọ́, yóò wọ mọ́tò. Kò ní tọ́ àkàrà náà wò. Ẹ ò ní bá a wí, òun ló mọ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ dín.

Ní ìlú Oǹdó, òkú sísin ni wọ́n fi ń polongo. Bó bá ti di Sátidé, kò sí ìnáwó tí Ọnọ́rébù kì í dé láti Yaba títí dé Ẹnu-Ọ̀wà (Oǹdó náà ní Yaba tiwọn, kí ará Èkó fara balẹ̀). Á ra àǹkárá ẹbí, á sunkún ju ọmọ olóòkú lọ. Ìgbà tí wọ́n bá gbé máìkì lé e lọ́wọ́ ni yóò tó rọra bi ẹni tó jókòó tì í pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá ló kú ni, àbí ìyá?”

Gbogbo wàhálà ìbò káńsù yìí, nítorí kí ni, nígbà tí a ti mọ ẹgbẹ́ tí yóò wọlé? Ní oṣù Kẹjọ 2020, ipò alága káńsù 18 ló wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, APC kó gbogbo wọn. Ní 16 oṣù Kọkànlá 2024, Gómìnà Lucky Aiyedatiwa ti APC wọlé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ODIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ náà, ka èsì ìdìbò káńsù fún APC: alága, 18 nínú 18, kánsílọ̀, 203 nínú 203. Ọjọ́ tí wọ́n tiẹ̀ dìbò náà, ọjọ́ 18 oṣù Kíní ni.

Ẹ má rò pé ìgbálẹ̀ APC nìkan ló ní oògùn o. Ní Ọ̀yọ́, agboòrùn PDP ló kó gbogbo káńsù 33 ní oṣù Kẹrin 2024. Ìgbálẹ̀ kó 20 nínú 20 ní Ògùn lọ́dún kan náà, ó sì kó 57 nínú 57 l'Ékòó ní oṣù Keje 2025. Ẹgbẹ́ tó bá ń sùn sílé ìjọba ni oògùn náà ń jẹ́ fún.

Nítorí náà, ọjà kọ́ ni ìpolongo tòótọ́ wà. Pálọ̀ aṣáájú ẹgbẹ́ ni. Ibẹ̀ ni Ọnọ́rébù ti ń jókòó láti ìdájí, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó tún ń kí ajá ilé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí àwọn aṣáájú bá jáde, wọ́n á ní àwọn ti fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gbé àsíá. Ẹnu kan ṣoṣo ló sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Láti 11 oṣù Keje 2024 pàápàá, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sápò káńsù tààrà, ìfẹ́ ará ìlú ti gbóná lọ́kàn àwọn tí kò mọ ọ̀nà wọ́ọ̀dù wọn tẹ́lẹ̀.

Ọnọ́rébù tiwa tún ní káńsù nìkan kò tó òun, òun fẹ́ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù. Mi ò dá a lẹ́bi, torí ilé ìwòsàn a máa sọ olóṣèlú di gbajúmọ̀. Olusegun Mimiko, dókítà ọmọ Oǹdó, bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè fún aláboyún ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009 nígbà tó jẹ́ gómìnà, ó sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ ní 2010, níbi tí aláboyún ti ń bímọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ohun tí àwọn olóṣèlú kan kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ìkókó ya fọ́tò.

Ọnọ́rébù tiwa bẹ ilé ìwòsàn alábọ́dé kan wò. Nọ́ọ̀sì fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ẹ̀rọ kò tan. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Ọnọ́rébù ní kí wọ́n jẹ́ kí ìdìbò kọjá ná. Bátìrì mẹ́rin ni o! Jíìpù rẹ̀ wà níta, wọn ò paná rẹ̀, éésì ń fẹ́ sí àga òfìfo. Aláboyún kan tó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú yọ ti rìmóòtù yín fún wa.”

Ọ̀rọ̀ owó sì wà níbẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera aláìgbọ́dọ̀máṣe, nínú rẹ̀ sì ni owó ti ń dé irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, tó yẹ kí ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, ló yẹ kó máa bá wọn ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ná an. Ìgbìmọ̀ yìí kò ní àpótí ìbò, ODIEC kì í sì í ka èsì rẹ̀.

Ẹ gba ìrẹsì tí wọ́n bá pín, ẹ sè é jẹ, owó yín ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ yà sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù yín, ẹ bi nọ́ọ̀sì àgbà pé ọjọ́ wo ni ìgbìmọ̀ ń jókòó. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ìnáwó jáde. Bí Ọnọ́rébù bá wà níbẹ̀, ẹ gba bátìrì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kí i.