Yàrá Ẹrù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi, Bàbá Ìbejì, n'Íbàdàn. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo rí Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n ń ti àga pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè ráyè tẹ́ ẹní.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní yàrá ni?"

"Ẹrù ló ń sùn níbẹ̀, Dádì Èkó," Kẹ́hìndé dá mi lóhùn.

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Bàbá wọn mú kọ́kọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí tán, nǹkan kan dí i lẹ́yìn. Mo yọjú wọlé. Kúlà mẹ́rìnlá, mo kà wọ́n. Àwo tánganran tí ìyá ìyàwó kó fún ọmọ rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, bébà ṣì wà lára wọn. Tẹlifíṣọ̀n méjì tó ti kú, àti pàálí èyí tó wà láàyè. Ghana-must-go mẹ́sàn-án tí aṣọ ẹbí kún inú wọn bámúbámú. Ọdún 1983 tí ìjọba lé àwọn ará Ghana kúrò nílẹ̀ yìí ni báàgì náà gba orúkọ; àwọn yẹn dì í, wọ́n sì gbé e lọ. Ti àbúrò mi ò lọ síbì kankan.

Garawa rọ́bà tí wọ́n ń pín lóde àríyá ńkọ́? Mi ò lè kà wọ́n. Ọlọ́jọ́ ìbí, olóògbé, ìyàwó tuntun, gbogbo wọn ń wò mí láti ara garawa. Èyí tí wọ́n fún mi kí n fi wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwòrán bàbá arúgbó kan ló wà lára rẹ̀, wọ́n kọ "Sùn re o, Bàbá" sábẹ́ rẹ̀. Mo wà níhòòhò, bàbá ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo béèrè ta ni wọ́n jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n nínú ilé náà.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, bí ara eku bá ṣe mọ ni kí ilé rẹ̀ mọ. Eku gbọ́, ó sì ń ṣe é. Ẹ ò lè rí eku tó gbẹ́ yàrá kan fún àwo tí eku àlejò yóò fi jẹun, tí òun àtọmọ rẹ̀ wá ń sùn lẹ́nu ihò. Ibi tó ti pa mí lẹ́rìn-ín ni pé eku gan-an wà nínú yàrá ẹrù yẹn. Ó ti wọnú Ghana-must-go kan, ó já léèsì wẹ́wẹ́, ó fi tẹ́ ìtẹ́, ìwọ̀nba tó gba òun àtọmọ. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló ń lo aṣọ ẹbí náà.

Bàbá Ìbejì ń pariwo pé onílé fowó kún owó ilé. Ta ló ń san án fún? Kúlà ò lọ síbi iṣẹ́, àwo ò dá kọ́bọ̀, yàrá kan gbáko sì ni tiwọn. Owó ilé ìwé táámù yìí ò tíì pé, Ìyá Ìbejì sì ti ya èésú sọ́tọ̀ fún aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ wọ lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí ni wọ́n máa sọ bí òun ò bá rà á? Mo ní ta ni "wọ́n"? Ó wò mí bíi pé mo sọ ìsọkúsọ. Mo bi í pé àlejò wo ló ń tọ́jú àwo dè. Ife rọ́bà tó ti sán ló fi bu omi fún èmi tí mo ti Èkó wá. Ará ilé ni mí. Àlejò ò tíì dé.

N ò ní purọ́, àjogúnbá ni. Nígbà tí owó Údọ́jì jáde ní 1975, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹẹ́lẹ̀ àfikún owó oṣù wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá tó bí èmi àtàbúrò mi ra rédíògíráàmù kan tó tó pósí. Àga ìyá wa la gbé síta kó tó ráyè wọlé. Ọjà gbówó lórí, owó tán, rédíògíráàmù bà jẹ́, àga ò padà wọlé.

Bóyá ohun tó jẹ́ kí n bínú nìyẹn. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ tà, ká tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fáwọn ọmọ. Ìyá Ìbejì rọra dáhùn.

"Bọ̀dá mi, tó bá wá di ọjọ́ tí Táíwò máa gbéyàwó, níbo lẹ fẹ́ ká ti rí kúlà?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Táíwò. Ó ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ti ki orí bọ abẹ́ àga. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ mọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, obìnrin náà sáré wọlé, ó mú garawa kan jáde, ó ní kí n bá òun fún ìyàwó mi. Aláwọ̀ ewé ni, ojú ìyàwó kan tí n kò mọ̀ rí wà lára rẹ̀. Mo gbà á. Ó ní ìdérí.