Ògiri Tó Panu Mọ́

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ìjà ẹbí ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún: bí ọmọ ìyá bá ń tú ara wọn fó, ará ìta á ríbi wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn onílé òde òní ti sọ ọ́ di òfin ìkọ́lé. Wọ́n ní aláǹgbá kan ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ni wọ́n bá ń dí ẹnu ògiri kiri ìlú Ẹdẹ.

Ilé tó ń jìyà jù ni èyí tí àwọn bàbá kọ́ láyé Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó mọ ìlù lù, tó jọba láti 1946 títí di 1975. Ẹ mọ irú rẹ̀: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, àgbàlá lẹ́yìn, fèrèsé onípákó, àti bulọ́ọ̀kù oníhò lójú àtẹ̀gùn. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn bulọ́ọ̀kù yẹn lọ́sàn-án ń rí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ẹni tó ń lọ sọ́jà ò rí i. Kì í ṣe idán. Ìta mọ́lẹ̀ ju inú lọ, ojú tó wà nínú oòrùn kì í sì í tètè ríran wọ inú òjìji. Ọgbọ́n kan náà ni Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé láti Ìlú Ọba, lò sára ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí ihò kún ara rẹ̀. Ní 1956, wọ́n kọ odindi ìwé lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru. Ihò tí òyìnbó fi gbayì, sìmẹ́ǹtì ni àwa fi ń dí i.

Ẹ wo Àlàájì tó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀, tó ti Èkó dé pẹ̀lú àwòrán nínú fóònù.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni bíríkìlà wí, “ẹ jẹ́ kí bulọ́ọ̀kù oníhò yìí wà. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé.”

“Ibẹ̀ náà ni àwọn ará àdúgbò ń gbà wo inú ọbẹ̀ mi. Dí i pa!”

Wọ́n dí i pa. Wọ́n yọ fèrèsé onípákó tó ń ṣí gbayawu, wọ́n fi ṣíláìdì onígíláàsì dúdú rọ́pò rẹ̀. Ìlàjì ṣíláìdì ló ń ṣí; ìlàjì kejì kàn dúró bí ẹlẹ́rìí ni. Fẹ́ǹsì ga, wọ́n ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀. Àlàájì mí kanlẹ̀: àṣírí ti bò.

Alẹ́ ló wá tú u. Ìgbà tí ìta bá mọ́lẹ̀ ju inú lọ nìkan ni gíláàsì dúdú ń boni. Ilẹ̀ ṣú, Àlàájì tanná ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ bá yí padà: òun ò rí ìta mọ́, àdúgbò ń wò ó bó ṣe ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì jẹ àmàlà. Ó ra kọ́tìnnì onípele méjì. Kọ́tìnnì wọlé, ìmọ́lẹ̀ jáde. Ní báyìí, gílóòbù ń tàn ní pálọ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń ké. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, pẹ̀lú epo tí owó rẹ̀ fò sókè láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀. Àlàájì náwó dí afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́, ó tún ń náwó ra afẹ́fẹ́.

Aláǹgbá ńkọ́? Abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé.

Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ ò fẹ́ òkùnkùn rárá. Ó ti rí àwòrán àwọn ilé tí Joseph Eichler kọ́ ní California láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, gíláàsì láti ilẹ̀ dé àjà. Ohun tí àwòrán ò fi hàn án ni pé ojú títì ilé Eichler fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní fèrèsé. Ẹ̀yìnkùlé àti àgbàlá inú ni gíláàsì kọjú sí. Nínú ilé tirẹ̀ ní Ẹdẹ, òun kọjú gíláàsì sí títì, ó tún kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ní ìlú tí oòrùn ń gba àtàrí kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Àgbàlá tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tó jẹ́ ohun tí Eichler ń wá gan-an, àbúrò yìí ti da kọnkéré bò ó, ó sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ògiri tó sán ni àgbà ń bẹ̀rù. Fèrèsé kì í ṣe ọgbẹ́. Ibi tí ẹnu ògiri kọjú sí ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe bóyá ó lẹ́nu.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ pa gbogbo iná ní agogo méjì ọ̀sán, kí ẹ mú ìwé ìròyìn, kí ẹ máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Ibi tí ẹ bá ti lè kà á, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sẹ́yìn ihò, ó tó. Ibi tó bá ṣókùnkùn, ẹ kùn ún ní funfun, kí ẹ ṣí fèrèsé sí ìhà àgbàlá. Bó bá jẹ́ ojú títì ni, ẹ gbé e ga kọjá orí ẹni tó ń kọjá. Kò ní wọ́n tó jẹnẹrétọ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò ní sí ohun tí ẹ ó fi ṣe fáàrí fún aládùúgbò.