Ẹ Bi Ìyá Àgbà: Ajá Ti Gba Ọkọ Mi

Ìyá Àgbà, Ìdó-Ọ̀ṣun ni mo ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni ọkọ mi. Nígbà òjò èṣí, àwọn ọmọ wa gbé ọmọ ajá kan wálé láti inú gọ́tà, lẹ́bàá ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ mi fárígá. Ó ní bí ajá bá sùn nílé òun, òun á kó jáde. Kò kó jáde o. Ní báyìí, ìdajì ẹran àwo rẹ̀, ti Bìńgò ni. Bí mo bá gbóhùn sókè sí i, ajá á gbó mọ́ mi. Lánàá, ọkọ mi wọlé dé, ó ní, “Ṣé Bìńgò ti jẹun?” Èmi náà ò tíì jẹun, Ìyá Àgbà!
Ìyáálé Bìńgò

Ìyáálé Bìńgò, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o jẹ́ kí ajá rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà nídìí iyán? Àwọn baba ọkọ rẹ ló ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Wo Bìńgò bí oúnjẹ bá ti délẹ̀. Ó lóṣòó, ó tẹjú mọ́ ọkọ rẹ, kò bú u, kò sì dìde. Òṣómàáló gidi ni, bíi ti àwọn baba ọkọ rẹ. Ọkọ rẹ kò fi ẹran ṣe ẹ̀bùn fún un, gbèsè ló ń san.

Ẹ̀bi yín náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń fà á nírù, ìwọ ń fi ìgbálẹ̀ lé e ní kíṣìnnì. Bàbá tí kò fẹ́ràn ajá nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́, tí kò dà á láàmú. Níbo ni kí ọmọ òrukàn forí lé?

Tún wo bó ṣe ń pàdé ọkọ rẹ ní géètì. Kì í béèrè owó ọbẹ̀, kì í sọ pé gáàsì ti tán, kì í ròyìn ohun tí ìyá ọkọ wí lórí fóònù. Ìdí ló ń fi jó. Lọ́la, sáré ṣáájú rẹ̀ dé géètì, kí ìwọ náà fi ìdí jó, má sì sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù á ba ọkọ rẹ, ọkùnrin tí ẹ̀rù bá sì ń bà kì í ṣahun. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, kọ iye owó iléèwé àwọn ọmọ sínú bébà, so ó mọ́ Bìńgò lọ́rùn. Mo fẹ́ rí baba tó máa wojú ajá yẹn kó ní kò sówó.

Èyí tí mi ò fi ṣeré nìyí: bí ọkọ rẹ bá ń bu tíì oníkòkó rẹ̀ fún Bìńgò, gba ife náà. Kòkó tó kọ́ ilé alájà fún ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà, májèlé ni fún ajá, nítorí èròjà theobromine inú rẹ̀ kì í tètè kúrò lára ajá bó ṣe ń kúrò lára wa. Àlùbọ́sà náà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, yọ ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí o tó fi àlùbọ́sà sí ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dórí kí o máa yọ ẹran sọ́tọ̀ fún orogún.

*

Ìyá Àgbà, aládùúgbò mi gba ajá kan tó ń rìn kiri sílé, ó sọ ọ́ ní Kí-ló-kàn-ẹ́. Láàárọ̀, bí mo bá ti yọ sóde, á figbe ta: “Kí-ló-kàn-ẹ́! Kí-ló-kàn-ẹ́!” Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ajá náà wà o. Ṣé kí n fẹjọ́ sun ọlọ́pàá?
Ẹni Tó Kàn

Má débẹ̀. Kí wọ́n tó bí ọ ni àwọn ìyá wa ti ń fi orúkọ ajá bú orogún. Ajá ni wọ́n pè, ìwọ lo dáhùn. Ọlọ́pàá pàápàá lè gba ẹjọ́ náà, nítorí ní 2016, wọ́n mú ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn torí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, orúkọ ààrẹ ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù. Dípò ẹjọ́, ìwọ náà wá abo ajá tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, tọ́jú rẹ̀, sọ ọ́ ní Ó-kàn-mí. Kí ẹ jọ máa pariwo láàárọ̀. Oyún ajá ò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ. Bó bá bímọ fún Kí-ló-kàn-ẹ́, ẹ ti di àna nìyẹn, tipátipá ni aládùúgbò rẹ á fi máa kúnlẹ̀ kí ọ.

*

Ìyá Àgbà, ẹ káàárọ̀, mà. Ọmọ ọdún 9 ni mí. Mọ́tò gbá ajá kan lẹ́sẹ̀ ní Òkè-Fìà, a tọ́jú rẹ̀ títí ó fi ń rìn, Jáàkì lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Iléṣà, ó wo Jáàkì, ó ní, “Èyí ti tó fi bọ Ògún.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ dáadáa, èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ kó gbé Jáàkì lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí Jáàkì sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ọmọ ọdún 9 bíi tìrẹ ni Joseph Meister tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur ní kí wọ́n fún lábẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Keje ọdún 1885, tí kò sì kú. Bí ajá èyíkéyìí bá bù ọ́ jẹ, Jáàkì pàápàá, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irun ajá sí i. Bí àìsàn náà bá ti fara hàn, ọwọ́ ti bọ́.

Ó ku ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ẹ gbé káàdì abẹ́rẹ́ Jáàkì kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá bàbá rẹ. Bí ìnáwó bá dé, ẹ gé àdìrẹ Òṣogbo tí gbogbo ẹbí fẹ́ wọ̀, kí ẹ rán ti Jáàkì náà. A kì í fi ẹni tó wọ aṣọ ẹbí bọ Ògún. Kí ìwọ fúnra rẹ wá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kí o sọ fún un pé òun ni gbogbo ilé yàn láti san owó aṣọ Jáàkì.