Ìjàpá àti Dígí Ọba ní Igbó Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, pẹ̀lú gbogbo ẹranko tó ń gbé inú igbó Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà márosẹ̀ Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó rí ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó náà. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná wà, èyí tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí ní ọdún 2007, tí wọ́n ní agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 335. Tọ̀sán-tòru ni àwọn ẹranko ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ rẹ̀, Ehoro tilẹ̀ ti ń ráhùn pé etí ń dun òun. Wáyà ń gbé iná gba orí wọn kọjá lọ sí ibi tó ń lọ, inú ihò wọn sì ṣókùnkùn birimùbirimù. Kí ẹnikẹ́ni ní Òkìtìpupa má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀ fi wà láìfojú kan iná ìjọba, bẹ́ẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa wa yìí náà ni ilé iṣẹ́ iná ọ̀hún wà. Ọ̀rọ̀ ẹranko là ń sọ, ẹ jẹ́ n padà síbẹ̀.

Erin ni ọba wọn. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kọ ẹyìn tán, tí wọ́n fún epo, ẹranko kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ wá sí ààfin. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, epo ìlú pé 100 kẹ́ẹ̀gì gééré. Ohun tí wọ́n máa ń fi ṣe kò ju pé kí wọ́n tún ọ̀nà odò ṣe, kí wọ́n sì ra àgbàdo sínú àká ọba, èyí tí wọ́n á máa pín fún tolórí-tẹlẹ́mù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Baba Igbín ló ń pín in, nígbà tí baba yìí sì kú, Igbín ọmọ rẹ̀ bọ́ sípò. Kò níwèé, kò ní kálàmù. Itọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fa ìlà sára igi: ìlà kan fún ẹni tó ti gbà. Iṣẹ́ náà lọ́ra, a ò ní purọ́. Nígbà mìíràn òjò á wẹ ìlà dànù, ẹni tó ti jẹ á tún jẹ, ẹni tí kò jẹ rárá á lọ sùn lébi. Gbogbo ìlú ló gbà pé ó yẹ kí nǹkan yí padà.

Àfi bí Ìjàpá ṣe ti Àkúrẹ́ dé lọ́jọ́ kan. Ó wọ kóòtù, ó so táì mọ́ ọrùn, tó bá fa orí sínú igbá, táì náà á bá a wọlé. Kó tó jókòó, ó ti pe "dìjítà" nígbà méje.

Ó ní, "Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ìlú tí kò bá ní dígí láyé òde òní, òkú ìlú ni. Ẹ jẹ́ ká gbé dígí ńlá kan kọ́ sórí igi àràbà iwájú ààfin. Ẹni tó fẹ́ gba àgbàdo, ẹni tó bímọ tó fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ń jà sí ààlà oko, kó sáà ti fi ìka kan dígí. Ó parí. Kò sí ìlà títò, kò sí akọ̀wé tí à ń bẹ̀."

Ó ti gbọ́ bí ìjọba Gómínà Mímikò ṣe ṣe káàdì olùgbé tí wọ́n pè ní Káàdì Ìgbé Ayọ̀ fún àwọn èèyàn ìpínlẹ̀ Oǹdó, òun náà sì ti sọ dígí rẹ̀ lórúkọ kí wọ́n tó rà á: Dígí Ìgbé Ayọ̀ Pátápátá.

Ìyá Òkété nawọ́. "Ọmọ mi, ta ni yóò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lò ó?"

"Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ẹ sáà tẹ̀ ẹ́."

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà níbi ìpàdé náà. Àlejò ni, ó kàn máa ń wá lo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wọn ni, kó tó fò padà sí òkè òkun. Ní ilẹ̀ Estonia tó ti ń wá, òun ni ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn. Ó ní lọ́hùn-ún, orí kọ̀ǹpútà ni aráàlú ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bá da àwọn àti ìjọba pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fetí sí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, wọ́n kéde ètò kan tí wọ́n pè ní Fífò Ẹkùn. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kó kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń lò ó. Ó di ọdún 2002 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fún aráàlú ní káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń lò lórí ẹ̀rọ.

Ẹkùn tó ti sùn lọ láti àárọ̀ bá jí gìrì. "Orúkọ ta ni wọ́n lò?"

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹkùn ní àwọn ará ibẹ̀ kò tọrọ àyè lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó lo orúkọ òun, ó sì fẹ́ mọ iye tó tọ́ sí òun nínú fífò náà. Odidi ọ̀sán ni wọ́n fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pinnu pé kí wọ́n kọ lẹ́tà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kò sẹ́ni tó rántí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, àfi Ìjàpá tó ní ohun tí òun rí fà yọ nínú ọ̀rọ̀ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni pé ó yẹ kí àwọn ìjòyè fojú ara wọn rí Estonia.

Ní ọjọ́ kejì, Ìmàdò tó ń tọ́jú àpò ìlú ka ìṣúná. Dígí, 60 kẹ́ẹ̀gì. Ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, 20. Ìrìn àjò àwọn ìjòyè, 12. Owó ìmọ̀ràn Ìjàpá, 7. Ó wúkọ́, ó yí ìwé padà, ó wá ka èyí tó kù wúyẹ́wúyẹ́: kíkọ́ aráàlú bí wọn yóò ṣe máa lò ó, kẹ́ẹ̀gì 1. Ti iná kò sí nínú ìwé rárá. Ọ̀bọ, olórí ọ̀dọ́, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ṣèlérí fìlà fún un.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ kò kéré. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n pín aṣọ ẹbí, àwọn ẹ̀ga kọrin títí ohùn fi ha, ògógóró sì ń ṣàn. Ibi tí wọ́n ti ń dín àkàrà ni epo ti tán. Ẹnì kan kàn fa kẹ́ẹ̀gì kan tó wà ní igun yàrá yọ. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀kọ́ nìyẹn? Àkàrà náà dùn, èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Erin fi eyín gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n ṣí aṣọ lójú dígí. Kò sí iná tí yóò fi tàn, nítorí náà kò sí ohun tó hàn níbẹ̀ ju ojú Erin fúnra rẹ̀ lọ. Kábíyèsí wo ara rẹ̀ lọ, ó wo ara rẹ̀ bọ̀. "Ó dára gan-an," ló wí. Gbogbo ìjòyè ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ìyá Òkété ló bú sórin, ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ìjàpá ní ká tẹ̀ ẹ́ wò
Ègbè: Iná dà?
Lílé: Dígí ọba, dígí epo
Ègbè: Iná dà?
Lílé: Ọgọ́ta kẹ́ẹ̀gì ló lọ sí i
Ègbè: Iná dà?
Lílé: A jẹ àkàrà, a jẹ ẹ̀kọ́ mọ́ ọn
Ègbè: Iná dà o, iná dà?

Ìjàpá ní kí wọ́n má bínú. Yánníbo ti fi kẹ́ẹ̀gì méje ìmọ̀ràn ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, wọ́n sì ti pàgọ́ sábẹ́ àràbà. Wọ́n fa wáyà lọ sókè, dígí bá tàn. Ojoojúmọ́ ni èrò ń tò níbẹ̀ láti ìdájí, àwọn tí wọ́n sọ fún pé kò sí ìlà títò mọ́.

Nígbà tó kan Ìyá Òkété, ó na ìka. Èkùrọ́ tó ti ń pa láti kékeré ti họ gbogbo ìlà ìka rẹ̀ tán, ó ń dán bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Dígí ní òun kò dá a mọ̀. Wọ́n ní kó fọwọ́, ó fọwọ́. Wọ́n ní kó fi epo ra á, ó fi epo ra á. Wọ́n ní kó fi eérú gbo ó, ó gbo ó títí ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́ yọ. Dígí ní òun kò dá a mọ̀, kó padà wá lọ́la. "Èmi tí mo bímọ mọ́kànlá sínú igbó yìí?" Ẹni tó bá ti tò sẹ́yìn ìyá tó ń ṣe púpùrù níbi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ ojú tí ìyá náà ń wò nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Òjòlá wà lẹ́yìn Ìyá Òkété lórí ìlà. Òun kò tilẹ̀ ní ìka kankan, Igbín náà kò ní. Kò sẹ́ni tó ti rò ó pé àwọn náà jẹ́ aráàlú.

Ìjàpá kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé Ọ̀FẸ́ NI. Ọ̀fẹ́ ni dígí lóòótọ́, ìka ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Kóńgò èkùrọ́ kan ni kí Ìjàpá bá ọ tẹ̀ ẹ́, méjì tó o bá fẹ́ kó yá. Ẹni tí dígí kò bá dá mọ̀, Ìjàpá á fi ìka tirẹ̀ dúró fún un. Ẹni tí kò bá ní fóònù, á fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i. Kò sì sẹ́ni tó ní fóònù.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ààfin kéde pé Igbín ti fẹ̀yìn tì, dígí ni yóò máa pín àgbàdo: àmì yóò wọ orí fóònù ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmì yẹn ni wọn yóò gbé lọ sí àká. Èrò tó dára ni o. Ní 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, irú rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ lò láti pín ajílẹ̀, kí àwọn alágbàtà tó ń kó o pamọ́ má baà rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n fóònù ní láti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ó sì lè ka ohun tó wọ orí rẹ̀. Ní igbó Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo àmì ń wọ̀. Lóru, tín-tin, tín-tin, kò jẹ́ kí Yánníbo sùn. Àwọn méjèèjì á dìde, wọ́n á mú àpò.

Ebi wá ń pa ìlú. Wọ́n lọ bá Ìjàpá, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Àbíkẹ́yìn Ìyá Òkété ló tú àṣírí náà. Kí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó padà sí Estonia, ó ti fi amọ̀ tó fi ń mọ ilé kọ́ ọmọ yìí ní ábídí, láìgba ẹ̀kún ìdérí epo kan. Láti ìgbà náà, alaalẹ́ ni ọmọ náà ń lúgọ sẹ́yìn àgọ́ Ìjàpá, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ka ohun tó ń lọ lójú dígí. Lọ́jọ́ ọjà, ó gun àràbà dé òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ àwọn tó ti gbàgbàdo:

Lílé: Baba Igbín tó kú lọ́dún mẹ́ta
Ègbè: Ó ti gbàgbàdo!
Lílé: Òjòlá tí kò níka lára
Ègbè: Ó ti gbàgbàdo!
Lílé: Ìyá mi tó sùn lébi lánàá
Ègbè: Ó ti gbàgbàdo!
Lílé: Nọ́ńbà ta ni wọ́n kọ síwájú wọn?
Ègbè: Nọ́ńbà Ìjàpá!

Wọ́n gbá Ìjàpá mú. Ó fa orí sínú igbá, láti inú ibẹ̀ ló ti ń sọ pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Erin bínú, ó yan ìgbìmọ̀ ìwádìí: Ìmàdò ni alága, Ẹkùn ni igbákejì. Nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ bí dígí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá kó wá là wọ́n lóye. Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì parí tí wọ́n fi jábọ̀ pé dígí náà ló kéré, pé kí wọ́n ra èyí tó jù ú lọ. 120 kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n bèèrè fún Ìpele Kejì. Kẹ́ẹ̀gì 1 fún ẹ̀kọ́, pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Òkété jókòó lé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ lórí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé òun kúrò. Ọ̀yà jókòó lé tirẹ̀, Òjòlá ká ara yí tirẹ̀ po, Igbín lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì ni ààfin kò rí gbà lọ́dún náà. Wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tan fìtílà, wọ́n ta ìyókù, wọ́n ra páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kan àti fóònù bíi mélòó kan, ọmọ Òkété sì di tíṣà. Igbín ló kọ́kọ́ mọ̀wé kọ, torí kì í kánjú. Ààfin pè é ní ọ̀tẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn ìjòyè wá síbẹ̀ pẹ̀lú oníkámẹ́rà, wọ́n ní àwọn làwọn dá a sílẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi mọ rèé. Ní ti àwa èèyàn, àjọ NITDA tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ti sọ pé òun fẹ́ kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà mọ ẹ̀rọ ìgbàlódé lò tó bá fi máa di 2027, kí ó di 95 ní 2030. Láti 2023 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti dá ètò 3MTT sílẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn níṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ Olúṣẹ́gun Àgágù náà wà ní Òkìtìpupa, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá wá ń ka ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, yálà ní Àkúrẹ́ ni o, yálà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka ojú ewé tó kẹ́yìn wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye kẹ́ẹ̀gì tó wà fún iná àti olùkọ́ sókè, kí wọ́n tó dé orí dígí.