Oríkì Ajámádágbére

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ti jókòó fún ìpàdé ọdọọdún kí ìròyìn owó tó ti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde. Níbi tó yẹ kí àtẹ owó ẹ̀yáwó tí a so láti inú Excel mọ́ Word wà, ohun tí a bá níbẹ̀ ni «Error! Not a valid link.» Mo ní irú ọba báyìí kò ṣeé kí lóòró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Kábíyèsí, ìsopọ̀ àárín Excel àti Word!
Ajámádágbére, ọmọ ajálójijì.
O já, o ò pariwo. O já, o ò ránṣẹ́.
Ajá ilé wa a máa gbó kó tó buni jẹ,
ìwọ ajá tí kì í gbó, jíjá nìkan lo mọ̀.
O já lóru, ìjà bẹ́ láàárọ̀:
akápò ní akọ̀wé ló já a,
akọ̀wé ní akápò ló já a,
ìjà gòkè àjà, o dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé.

Amọlé-má-mọ-onílé!
Àdírẹ́sì lo há sórí, o ò dá fáìlì mọ̀.
A gbé fáìlì owó kúrò lórí Desktop sínú fódà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
Amọlé-má-mọ-onílé ṣì ń kan ìlẹ̀kùn ilé ahoro.
A sọ «Owó» di «Owó Tuntun»,
o ní o ò gbọ́ orúkọ náà rí láyé.
Fláàṣì tó ń jẹ́ E: lórí kọ̀ǹpútà akápò di F: lórí ti akọ̀wé;
lẹ́tà kan ṣoṣo yí, o ní ilé ti wó.
A tẹ Alt+F9 kí a lè rí inú rẹ:
LINK, Excel, C:\Users, fódà dé fódà, títí dé orúkọ ṣíìtì.
O kà á pé láìṣì lẹ́tà kan,
ilé tí a ti kó kúrò lò ń júwe.

Arẹwà ojú kọ̀ǹpútà, aburẹ́wà orí bébà!

Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Error tó hàn gbangba ṣì sàn. Èyí tó ń bí mi nínú ni ìgbà tí ìsopọ̀ já, tí iye àtijọ́ ṣì jókòó síbẹ̀ láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Akápò ti tún iye ṣe nínú Excel, Word ṣì ń gbé ti tẹ́lẹ̀ jáde. Bí ẹgbẹ́ bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ pín èrè, owó tí kò sí ni wọ́n pín, akápò ni wọ́n á sì pè ní olè.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ gbọ́. Nínú Word, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Info, ẹ wá Edit Links to Files. Change Source lẹ máa fi júwe ilé tuntun fún Amọlé-má-mọ-onílé. Update Now ló ń mú iye tuntun wá. Nígbà tí iye bá ti pé, tí ìpàdé sì ku ọ̀la, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ẹ tẹ Break Link lórí èyí tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde. Ẹ tètè já a fúnra yín, kó tó já yín kulẹ̀.