Ẹ Fi Ewúrẹ́ Bẹẹrẹ Ṣe Ọ́dítọ̀

Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tètè dé ìdí igi tuntun bí ewúrẹ́ Bẹẹrẹ n'Íbàdàn. Kọmíṣọ́nnà á gbin igi láago mẹ́wàá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín omi inú ọ̀rá àti mítípáì, ọ̀wọ́ ọkọ̀ á ṣẹ́rí padà sí ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi. Kó tó di aago mọ́kànlá, ewúrẹ́ ti dé. Kọmíṣọ́nnà ò ní padà wá wo igi náà títí sáà rẹ̀ á fi pé. Ewúrẹ́ á wá lọ́la, á wá lọ́tùn-únla, á máa wá títí kò fi ní sí ohun tó fẹ́ wá wò mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ìjọba àpapọ̀ àti tìpínlẹ̀ pé kí wọ́n fún ewúrẹ́ níwèé iṣẹ́. Ipò ọ́dítọ̀ àgbà fún ọ̀rọ̀ igi ló tọ́ sí i. Kò ní béèrè jíìpù. Kò ní lọ sun òtẹ́ẹ̀lì l'Ábújá kó ní ìpàdé lòún wá ṣe. Owó àjẹmọ́nú tirẹ̀, ojú iṣẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́, gbogbo ayé sì ń wò ó. Ọjọ́ Àìkú gan-an, ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà Iléyá nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dín ní títì, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Owó tí a fẹ́ kí ewúrẹ́ bá wa yẹ̀ wò kì í ṣe owó gúgúrú. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari dúró níwájú àwọn olórí ayé ní New York, ó ṣèlérí pé Nàìjíríà yóò gbin igi mílíọ̀nù 25, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò sì gbìn ín. Ṣáájú ìyẹn, ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ti fi ìwé ẹ̀yáwó gba 10.69 bílíọ̀nù náírà, wọ́n ní iṣẹ́ àyíká nìkan ni yóò bá lọ, igi gbígbìn sì wà lára rẹ̀. Àpò owó tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund ti wà láti ọdún 1981. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àìsí owó ni kò jẹ́ kí igi hù, ẹ bi í pé owó wo.

Lọ́dún 2023, àwọn ìgbìmọ̀ nílé Aṣojú-ṣòfin pe àjọ tó ń ṣe odi igi ńlá lókè Ọya, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní Great Green Wall, pé kó wá ṣàlàyé 81.2 bílíọ̀nù náírà àti igi mílíọ̀nù 21 ní ìpínlẹ̀ 11. (Ọ̀yọ́ ò sí níbẹ̀, a ò sì jowú, aṣálẹ̀ ò tíì dé Mọ́kọ́lá.) Mo fi bírò ṣírò rẹ̀: igi kan ń lọ sí bíi 3,866 náírà. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ àjọ náà ju igi lọ, kànga omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 21 yẹn, iye tí wọ́n gbìn ni. Mélòó ló wà láàyè? Ràkúnmí ìhà ibẹ̀ ló lè dáhùn.

Àwa nìkan kọ́ la fẹ́ràn ká máa ka igi lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Etiópíà ní òun gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 350 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní 29 Oṣù Keje 2019. Kẹ́ńyà fún gbogbo ìlú ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní 13 Oṣù Kọkànlá 2023 kí wọ́n lè rí àyè gbin igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ará Àbújá gbọ́ ti ìsinmi yẹn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Ìbàdàn níbí gan-an ni ìmọ̀ igi fi ṣe ibùgbé. Ilé ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Jẹ́ríkò láti ọdún 1954. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ igbó láti 1963. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, dé ní 1967, wọ́n sì ní igbó nínú ọgbà wọn tí ẹyẹ ń ké níbẹ̀ títí dòní. Ẹ wá gun òkè Mápó, kẹ́ ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí àwọn òyìnbó ṣí ní 1929, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀: Ọjà'ba, Bẹyẹrunka, Ìdí-Arère. Páànù tó ti dípẹtà ló tẹ́ rẹrẹ dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ẹni tó bá rí arère kan ṣoṣo ní Ìdí-Arère, kó wá gba owó ọtí lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ìtàn sọ fún wa pé nígbà tí Ìbàdàn àkọ́kọ́ tí Lágelú tẹ̀ dó tú, orí òkè ni àwọn ará ìlú sá gbà, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì jẹ tí wọn ò fi kú. Bí irú rẹ̀ bá dé lónìí, páànù la máa jẹ.

Mo mọ̀ pé àyè ò sí. Agbolé wa fún mọ́ra débi pé bí baálé kan bá sín, ilé kẹta ló ń kí i pẹ̀lẹ́. Ibi tí àyè wà, tí igi sì yẹ kó wà, ni bèbè odò: Gégé, Kúdẹtì, Ògùnpa. Ẹ rántí omíyalé 31 Oṣù Kẹjọ 1980, ẹ rántí ti 26 Oṣù Kẹjọ 2011 tó pa èèyàn tó lé ní 100. Igi nìkan ò lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ á di iyẹ̀pẹ̀ bèbè mú, kò sì ní jẹ́ ká rí àyè kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà odò. Àmọ́ bèbè odò ní ẹrẹ̀, bàtà kọmíṣọ́nnà sì ń dán. Etí títì ni wọ́n á gbìn ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, níbi tí takisí Máíkírà á ti fi ìdí gbá a kí ọ́dítọ̀ tó dé.

Mo lè kọ ìwé ìnáwó ayẹyẹ náà láìwo tẹnikẹ́ni: kánópì, àga, fìlà àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, pátákó ìkéde tó ga ju igi lọ, owó onílù, owó oníròyìn (àwa náà kì í kọ̀ ọ́). Omi fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ńkọ́, láti Oṣù Kọkànlá títí ọyẹ́ á fi lọ? Kò sí ìlà tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Torí náà, ìlànà tuntun rèé. Kí kọngílá gba ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́jọ́ tó bá gbin igi. Kí ìyókù sùn sí báńkì fún ọdún mẹ́ta. Kí wọ́n máa mú nínú rẹ̀ lóṣooṣù fún ìyá àgbà tí igi wà níwájú ilé rẹ̀, ẹni tó ń da omi tó fi ṣan ẹ̀fọ́ sí i, tó sì ń fi ìgbálẹ̀ lé ọ́dítọ̀. Kó sì jẹ́ igi eléso: àgbálùmọ̀, máńgòrò, ìṣin. N kò tíì rí ìyá àgbà tó jí lóru láti ṣọ́ tíìkì ìjọba.

Àwọn kọngílá á ta kò ó, mo mọ̀. Wọ́n á ní báwo ni ewúrẹ́ ṣe fẹ́ kọ ìwé àbọ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nìkan la fẹ́ kà, kò sì ní pọ̀ jù fún ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi.