Ẹ Ṣé, Sà

Lọ́dún 2020 tí Kòrónà ti ilé ìwé pa, WhatsApp di kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà. Wọ́n ti ṣí ilé ìwé padà tipẹ́, WhatsApp ò lọ sílé. Ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sí nínú gúrúùpù, àfi bí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni olùkọ́ máa ń rántí wa: "Tẹ́ẹ̀sì wà láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la." Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, ogójì ènìyàn ti kọ "Ẹ ṣé, sà." Ọpẹ́ á wá bo tẹ́ẹ̀sì mọ́lẹ̀. Ẹni tó jí láago méje á máa bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí la ń dúpẹ́ fún?"

Lọ́dún 2014 ni WhatsApp gbé àmì búlúù jáde, èyí tó ń tú àṣírí ẹni tó ti ka iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i. Àwọn ọmọ gbọ́n, wọ́n pa á. Wọn ò mọ̀ pé pípa yẹn kì í ràn nínú gúrúùpù. Olùkọ́ kàn máa tẹ iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ ni, orúkọ gbogbo ẹni tó kà á á tò gẹẹrẹ. "A ò rí i, sà" dèké.

Ẹ wá bi olùkọ́ kan náà pé èsì tẹ́ẹ̀sì ńkọ́. Àmì á di búlúù, ohùn ò ní jáde. Aṣojú kíláàsì tó láyà láti tún bi í rí èsì gbà: àtàǹpàkò kan ṣoṣo.